Ilé Tí Ó Wọlẹ̀ Lọ Bá Láfà: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Nínú ìtẹ̀jáde wa tí ó kọjá, a mẹ́nu ba àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ tí òkè ayọnáyèéfín ti bú lé lórí rí, a sì ṣèlérí pé a ó fi ojú ewé yìí dáhùn ìbéèrè tí ó bá tẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Lẹ́tà tí ó wọlé pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Márùn-ún ni a mú nínú wọn, a sì ti gé èyí tí ó gùn kúrú. Kí ọ̀rọ̀ má baà rú ẹnikẹ́ni lójú, ohun tí a ń pè ní láfà nínú àwọn ìdáhùn wọ̀nyí ni òkúta tí iná abẹ́ ilẹ̀ yọ́, tí ó ṣàn jáde bí omi, tí ó sì tún dì padà nígbà tí ó tutù.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àkúrẹ́ kọ̀wé pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀kọ́ nípa yíya àwòrán ilé ni mò ń kọ́, mo sì wà ní ọdún kẹrin. Iṣẹ́ tí olùkọ́ wa gbé fún wa ní sáà yìí ni pé kí a ya ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí yóò wà láàárín ilẹ̀ tí láfà ti ṣàn kọjá, kí ilé náà sì bá ilẹ̀ mu débi pé ojú kò ní tètè yà á sọ́tọ̀. Mo ya ilé olórùlé pẹrẹsẹ, mo kùn ún ní dúdú láti òkè délẹ̀, mo sì lẹ òkúta dúdú mọ́ ara ògiri rẹ̀. Olùkọ́ wò ó, ó ní, "Ilé yìí kò bá ilẹ̀ mu, aṣọ ilẹ̀ ni ó kàn yá wọ̀." Kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni ó ní lọ́kàn?

Ìdáhùn: Olùkọ́ yín kò ṣìkà sí yín, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó fi wákàtí kan ṣàlàyé ni ó fi gbólóhùn kan sọ. Ohun tí ẹ ṣe ni ohun tí a mọ̀ mọ́ agẹmọ: ó dé orí ewé, ó di ewé, ó dé orí erùpẹ̀, ó di erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n agẹmọ lè pa àwọ̀ dà, ilé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri tí ẹ fi ọ̀dà dúdú kùn, tí ó bá láfà mu ní ìdájí, yóò máa dán nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí, nígbà tí láfà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì, nítorí pé ojú láfà kún fún ihò wẹ́wẹ́ àti ṣóńṣó tí ó lè ya bàtà. Ẹranko tí ó yẹ kí ẹ wò ni òkété. Òkété kò wá àwọ̀ kankan kiri; ó wo ibi tí ilẹ̀ ti gbà fún un, ó sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé kan ṣàlàyé rẹ̀. Lanzarote jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Canary tí ó wà lábẹ́ Sípéènì, ní ìwọ̀ oòrùn Mòrókò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1730 ni ilẹ̀ ibẹ̀ là, iná sì ń tú jáde títí wọ ọdún 1736. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin erékùṣù náà ni láfà àti eérú bò, àwọn abúlé sì wọlẹ̀ lọ pẹ̀lú oko wọn. Ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn náà kí César Manrique, ayàwòrán tí wọ́n bí ní ìlú Arrecife ní ọdún 1919, tó padà dé láti New York, tí ó sì yan àárín pápá láfà ní Tahíche láti kọ́ ilé tirẹ̀ sí. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ewé igi ọ̀pọ̀tọ́ kan ni ó rí tí ó yọrí láàárín òkúta dúdú, tí ó fi tọ igi náà lọ sísàlẹ̀, tí ó sì bá ara rẹ̀ nínú ihò ńlá kan. Bí ògì bá ń hó lórí iná, ojú rẹ̀ a máa wú kí afẹ́fẹ́ tó bẹ́ jáde. Láfà náà hó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń ṣàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dì kí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó ráyè jáde tán, ó sì fi yàrá olórùlé ribiti sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Márùn-ún irú ihò bẹ́ẹ̀ ni Manrique rí tí wọ́n sún mọ́ ara wọn. Ó la ọ̀nà tóóró gba inú òkúta láti ọ̀kan dé èkejì, ó sì sọ wọ́n di pálọ̀ àti ibi ìgbàlejò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí nìyí: apá òkè ilé náà, èyí tí ó yọ sí gbangba, kò dúdú rárá. Funfun ni, ó funfun báláú, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Lanzarote ti ń kun ilé wọn kí wọ́n tó bí Manrique. Kò fara pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ kò ní pè é ní àlejò. Nínú ọ̀kan lára àwọn yàrá rẹ̀ ni fèrèsé dígí ńlá kan wà, tí láfà ìta dà bí ẹni pé ó gba inú dígí kọjá, ó sì ń ṣàn bọ̀ wá sórí ilẹ̀ yàrá. Ilé yìí ni ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Kẹta ọdún 1992, oṣù mẹ́fà kí jàǹbá ọkọ̀ tó pa Manrique nítòsí ibẹ̀. Ògiri funfun kan bá ilẹ̀ dúdú mu, ògiri dúdú tiyín kò sì bá a mu: ọ̀rọ̀ náà kò sí lára àwọ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀dà yẹn sílẹ̀. Mo fura pé ojú ilé ni ẹ kọ́kọ́ yà, níbẹ̀ sì ni nǹkan ti wọ́. Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ là á sí méjì lórí pépà bí ẹni la orógbó, kí ẹ fi hàn bí láfà ti nípọn tó, ibi tí ó ti sán, ibi tí eérú jókòó sí, ibi tí ihò wà, àti apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó wá bi ara yín léèrè pé, yàrá wo ni ilẹ̀ yìí ti ṣe sílẹ̀ dè mí? Bí kò bá sí ìkankan, ẹ ó ní láti gbẹ́ ẹ fúnra yín, ìyẹn sì ní ìlànà tirẹ̀, tí a ó dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Bíríkìlà kan ní Ìlọrin kọ̀wé pé:

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà. Gbogbo ibi tí a bá ti gbẹ́ wọlẹ̀, omi ni ó máa ń bá wa jà. Báwo ni ilé tí ó wà lábẹ́ láfà kì í ṣe é kún fún omi? Ooru ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ náà kì í gbóná mọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọ̀gá, èyí ni ìbéèrè tí àwọn ayàwòrán ilé kì í fẹ́ dáhùn níwájú oníṣẹ́, a sì dúpẹ́ pé ẹ bi wá.

Láfà dà bí ajere. Ó sán, ó lu, omi òjò a sì gbà á kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ láìdúró. Ní Lanzarote, ọwọ́ ni wọ́n ń fi wá òjò: èyí tí ó ń rọ̀ níbẹ̀ ní odidi ọdún kan kò tó èyí tí ó ń rọ̀ ní Ìlọrin ní oṣù Kẹsàn-án nìkan. Ìdí nìyí tí Manrique fi lè gbé inú ihò rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Bí ẹ bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ sí erékùṣù Azores tí ó wà lábẹ́ Pọ́túgà láàárín òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí òjò kì í jìnnà, ọ̀rọ̀ yóò di ti kọnkéré. Ẹ ó gbẹ́ ihò, ẹ ó da kọnkéré yí i ká bí àpótí, ẹ ó fi ohun tí omi kì í gbà kọjá wé e láti ìta, ẹ ó sì la gọ́tà olókùúta wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀, kí omi lè rí ọ̀nà lọ kí ó tó ronú àtiwọlé. Òrùlé rẹ̀ náà ní ìṣirò tirẹ̀, nítorí pé eérú tí ó gbẹ fúyẹ́, ṣùgbọ́n tí ó bá mu omi, ẹrù ńlá ni.

Ní ti ooru, láfà tí ó ti tutù ti tutù náà nìyẹn. Inú ihò rẹ̀ a máa tutù nini, ìtutù náà kì í sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ọ̀sán àti òru, èyí tí ó wúlò fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bí a bá ti lè ṣẹ́gun ọ̀rinrin. Ṣùgbọ́n ibì kan wà ní Lanzarote kan náà, tí wọ́n ń pè ní Timanfaya, tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbóná títí di òní. Manrique àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ilé oúnjẹ kan síbẹ̀ ní ọdún 1970, El Diablo ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn Èṣù gẹ́gẹ́ bí àwọn Kristẹni ti ń pè é, kì í ṣe Èṣù tiwa. Òkúta, irin àti dígí ni wọ́n gbára lé, ohun tí ooru kò lè tètè bà jẹ́, wọ́n sì gbé irin ìyanran lé ẹnu kànga gbígbẹ kan, tí ó jẹ́ pé ooru abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń yan ẹran fún àlejò. Ohun tí ó ń pa ènìyàn láìpariwo ní irú ilẹ̀ báyìí ni gáàsì. Carbon dioxide wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì máa ń jókòó sí ibi tí ó rẹlẹ̀ jù, nítorí náà ní ibikíbi tí òkè kò bá tíì sùn tán, ihò tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ wà ní ìdí ògiri pẹ̀lú, kí a má fi mọ sí òkè nìkan.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a lè bá onílé níbẹ̀. Ní Jameos del Agua, Manrique sọ apá kan nínú ihò gígùn tí láfà òkè La Corona gbẹ́ sílẹ̀ di ibi ìgbafẹ́ àti gbọ̀ngàn orin. Adágún omi kan wà nínú rẹ̀, tí akàn funfun kéékèèké tí kò ríran ń gbé. Àlejò kò gbọdọ̀ ju owó ẹyọ sínú omi náà, nítorí pé bí irin owó bá ń jẹrà nínú omi, májèlé ni ó ń dà fún wọn.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn kọ̀wé pé:

Ààfin kì í fara pa mọ́. Ilé tí ìjọba bá fi owó gbogbo ènìyàn kọ́, ó yẹ kí ojú rí i láti òkèèrè kí ó sì jẹ́ ìwúrí fún àwọn ọmọ. Ó dà bí ẹ̀tàn lójú mi pé kí a kọ́ ilé tán, kí a tún rì í mọ́lẹ̀. Ilé tí a kò rí, ta ni yóò wọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: A gbà pẹ̀lú yín nípa ààfin, nítorí pé ọba ni ó ni ilẹ̀ tí ààfin dúró lé. Níbi tí ó bá jẹ́ òkè ni ọba, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957, àwọn tí ń ṣọ́ àbùùbùtán láti orí òkè ní ìwọ̀ oòrùn Faial, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Azores, rí i pé òkun ń hó. Òkè ayọnáyèéfín Capelinhos ni ó ń jáde bọ̀ láti ìsàlẹ̀ omi. Oṣù mẹ́tàlá ni ó fi ń tu eérú àti láfà, títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1958. Ó bo ilé, ó bo oko, ilẹ̀ tuntun tí ó ju hẹ́kítà 200 lọ sì lẹ̀ mọ́ erékùṣù náà, èyí tí òkun ti ń jẹ padà díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà wá. Ilé gogoro oníná kan wà ní etíkun ibẹ̀, tí ó ti ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà láti ọdún 1903. Kò wó. Eérú bo àjà ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ilé gogoro náà sílẹ̀ ní ìdúró nínú eérú, ní iwájú òkun tí kò sún mọ́ ọn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí Nuno Ribeiro Lopes yà fún ibẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2008, wà lábẹ́ eérú náà pátápátá. Wọ́n kó eérú kúrò, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n sì dá eérú padà sórí rẹ̀ kí ojú ilẹ̀ lè rí bí òkè ti fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti òkèèrè kò ní rí ju ilé gogoro náà lọ. Nígbà tí ó bá dé ìdí rẹ̀ ni yóò rí ọ̀nà tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú gbọ̀ngàn ribiti kan, níbi tí òpó kọnkéré kan ṣoṣo ti fẹ̀ lókè bí olú, tí ó fi orí gbé òrùlé. Bí ó bá wo ohun tí ó wà nínú yàrá gbogbo tán, ó lè gun ilé gogoro náà dé òkè, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ wo ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ṣé ẹ wá rí i pé ilé náà kò ṣàìní àmì? Àmì rẹ̀ ti wà níbẹ̀ fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó ṣí i. Bí wọ́n bá kọ́ ilé alájà mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ó yè ni wọn ìbá gba ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu.

Irú èyí tí ẹ ń fẹ́ náà wà o. Vulcania ni, ní agbègbè Auvergne ní ilẹ̀ Faransé. Valéry Giscard d'Estaing, tí ó ti jẹ ààrẹ ilẹ̀ náà rí, ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Hans Hollein, ọmọ ilẹ̀ Ọ́síríà, ni ó yà á. Ọdún 2002 ni wọ́n ṣí i. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n Hollein gbé òkè àtọwọ́dá ṣóńṣó kan lé e lórí, tí ó là sí méjì, tí òkúta láfà dúdú bo ara rẹ̀ ní ìta, tí inú rẹ̀ sì ń dán bí wúrà. Àwọn tí ń dáàbò bo àyíká bá iṣẹ́ náà jà gidigidi. Ní tiwa, a fẹ́ràn abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Puy de Dôme, òkè ayọnáyèéfín gidi tí ó ga tó nǹkan bí mítà 1,465, wà nítòsí ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ. Kí ni ẹni tí ìyá rẹ̀ jókòó sínú ilé ń wá lọ sọ́dọ̀ agbẹ́gilére pé kí ó bá òun gbẹ́ ère ìyá?

Ìyá kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé:

Ọmọ mi mú mi lọ sí ilẹ̀ Áísílàndì, a sì wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí wọ́n kọ́ yí ilé onílé ká, ilé tí òkè ayọnáyèéfín bò mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì hú jáde. Mo rí ògiri tí ó ya àti ẹrù ilé tí eérú bò. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo wọlé onílé láìkágò. Ṣé ó tọ́ kí a sọ àdánù ènìyàn di ohun àpéwò?

Ìdáhùn: Eldheimar ni ẹ wọ̀, ìyá wa, ní erékùṣù Heimaey. Ní òru ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1973 ni ilẹ̀ là ní ẹ̀gbẹ́ ìlú náà, láìsí òkè kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí ènìyàn 5,300 ni wọ́n kó kúrò, púpọ̀ nínú wọn ní òru kan náà, nínú ọkọ̀ ìpẹja tí ìjì ti dá dúró sí èbúté. Nǹkan bí 400 ilé ni ó ṣègbé. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí ẹ rí, wọ́n sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó yí i ká ní ọdún 2014.

Ohun tí ó mú kí a fara mọ́ ọn ni pé ẹni tí ó ya ilé ńlá náà kò tún ilé kékeré náà ṣe. Kò sí ẹni tí ó rẹ́ ògiri, kò sí ẹni tí ó nu eérú kúrò kí ó lè dùn ún wò. Ibòji lásán ni ilé ńlá náà jẹ́ fún un, bí ìgbà tí a ta àtíbàbà bo olókùnrùn. Ìtìjú tí ẹ ní, pé ẹ kò kágò, ni ó fi hàn pé ilé ènìyàn ṣì ni lójú yín. Ká ní wọ́n ti kùn ún, kí wọ́n to àga sí i, kí wọ́n sì gbé ère ènìyàn jókòó sórí àga, ìtìjú yẹn kì bá tí wá.

Irú ọ̀rọ̀ yìí náà wà ní Faial. Ní ọdún 1958, àwọn Sẹ́nétọ̀ John Pastore àti John F. Kennedy ṣe agbátẹrù òfin kan ní Amẹ́ríkà tí ó fún àwọn tí Capelinhos lé kúrò nílé ní àǹfààní láti kó lọ síbẹ̀. Físà 1,500 ni ó kọ́kọ́ là sílẹ̀ fún àwọn olórí ìdílé, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé wọn. Bí ọmọ-ọmọ wọn bá padà wá lónìí láti béèrè ilé bàbá-ńlá wọn, abẹ́ eérú ni ó wà. Ó bójú mu nígbà náà pé abẹ́ eérú kan náà ni wọn yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ kí wọ́n tó gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Bàbá kan ní Abẹ́òkúta kọ̀wé pé:

Ṣé Olúmọ náà jẹ́ òkè ayọnáyèéfín nígbà kan rí? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé a kò lè kọ́ irú ilé yìí síbẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o, Bàbá. Òkúta yíyọ́ ni Olúmọ náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ojú ayé nígbà tí ó ṣì gbóná. Ní abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ni ó ti rọra tutù, tí ó fi di gíránáìtì, ìgbà tí òjò àti ọ̀gbàrá sì ti wẹ ohun tí ó bò ó lórí kúrò fún àìmọye ọdún ni ó tó yọjú. Ilẹ̀ tí láfà ti ṣàn rí wà ní Nàìjíríà, ní agbègbè Biu ní ìpínlẹ̀ Borno àti ní orí òkè Jos, òkè ayọnáyèéfín tí ó sì ṣì ń bú nítòsí wa ni òkè Kamẹrúùnù, tí ó bú ní ọdún 1999 àti ọdún 2000.

Gíránáìtì kì í ní ihò bíi ti Tahíche nínú, nítorí náà Olúmọ kò ṣe yàrá sílẹ̀. Abẹ́ àpáta ni ó ní, ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, tí wọ́n sì gbé láìfọ́ òkúta kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀ láìba ojú àpáta jẹ́, abẹ́ àpáta yẹn ni kí ó ti kọ́kọ́ ta okùn ìwọnlẹ̀ rẹ̀.